Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Kì Í Ṣe Ọ̀wẹ̀: Nígbà Tí Gbogbo Kíláàsì Ń Kọ Ìwé Kan Ṣoṣo

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ wà, tàbí ẹ ń dáná, tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti dá yín dúró sórí Third Mainland, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ rí nílé-ẹ̀kọ́.

Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Olùkọ́ á pín yín ní márùn-ún márùn-ún, á fún yín níṣẹ́, á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnì kan á ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹnì kejì á san owó ìwé títẹ̀. Ẹnì kẹta á ní òun ń fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Àwọn méjì tó kù, àárọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ ń wọlé ni wọ́n á tó yọjú, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ mi o, matric number mi rèé." Àwọn márààrún á wá gba máàkì kan náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹnì kan nínú yín ló ń gbàdúrà yẹn.

Olùkọ́ ni mí. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ lọ́la. Ọdún kẹrin rèé tí mi ò ti gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ lórí bébà mọ́. Orí Google Docs ni wọ́n ti ń kọ ọ́, gbogbo ẹgbẹ́ lórí ìwé kan ṣoṣo, èmi náà sì wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ti rí níbẹ̀, nítorí pé àwọn kan rò pé áàpù yìí á yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, àwọn míì sì rò pé ó kàn jẹ́ ọ̀nà láti jẹ dátà ọmọ ọlọ́mọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bọ̀hún.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ́lé, tàbí iṣẹ́ oko ju agbára rẹ lọ, wàá bẹ ọ̀wẹ̀. Ará, ọ̀rẹ́ àti àna á wá, wàá se oúnjẹ, wàá gbé ẹmu kalẹ̀, wọ́n á bá ọ ṣe é, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ebè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ. Èkejì ni àáró. Ti àáró yàtọ̀. Lónìí, oko mi ni gbogbo wa wà. Lọ́la, oko tìrẹ. Lọ́túnla, oko lágbájá. Iye ọjọ́ tí mo bá fi ro tìrẹ ni wàá fi ro tèmi. Bí o bá jókòó sílé lọ́jọ́ tó kan oko mi, kò sí ibi tí o fẹ́ fi ara pamọ́ sí, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ló rí i.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí olùkọ́ ń fún yín, àáró ló ní lọ́kàn. Ẹ̀yin sọ ọ́ di ọ̀wẹ̀, àní ọ̀wẹ̀ òdì: ẹnì kan ṣoṣo ló ń ro oko gbogbo yín. Bébà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé ọwọ́ mi pẹ̀lú orúkọ márùn-ún níwájú, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́?

Èrò pé kí èèyàn méjì tó jìnnà síra wọn jọ máa kọ nǹkan sójú ìwé kan náà ti pẹ́ o, kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Google. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, Douglas Engelbart jókòó síwájú ogunlọ́gọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní San Francisco, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Menlo Park, ìlú mìíràn pátápátá, sì jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn èèyàn ń wò ó. Ní 1995, Ward Cunningham ṣe ojú-ewé kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kó tún un kọ, ó pè é ní WikiWikiWeb. Ó rántí bọ́ọ̀sì kan tó ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfuurufú Honolulu. Ní èdè Hawaii, wiki túmọ̀ sí kíá, wiki-wiki, kíákíá. Àwọn náà ń dá ọ̀rọ̀ pè lẹ́ẹ̀mejì bíi tiwa! Ibẹ̀ ni Wikipedia ti rí orúkọ mú ní 2001. Ní 2006, Google ra áàpù kékeré kan tó ń jẹ́ Writely, òun ló di Docs. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtàn kọ́ la wá sọ.

Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Mà, WhatsApp ńkọ́? Gbogbo wa la ní in, kò jẹ dátà, kí ló dé tí ẹ ń dà wá láàmú?" Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà fẹ́ràn WhatsApp. Bí mo bá fẹ́ sọ pé kíláàsì ti yí padà sí aago mẹ́wàá, ibẹ̀ ni màá gbà. Ní 2020, tí wọ́n ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí kòrónà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni WhatsApp gbà sílẹ̀: ohùn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, fọ́tò ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Mi ò ní bú u láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ẹgbẹ́ ṣe ń kọ̀wé lórí WhatsApp. Ẹnì kan á fi apá tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kejì á fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kẹta á fi "Happy new month" sáàárín. Ẹni tó ń kó iṣẹ́ jọ á máa fi ìka fa ojú fóònù sókè, á ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láti ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn náà ni fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ: "Ise Yoruba". "Ise Yoruba 2". "Final". "Final final". "Final last, use this one". Mo ti gba iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "use this one" rí o. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyẹn: ẹni márùn-ún, fáìlì mẹ́fà, kò sì sí èyí tó pé nínú wọn.

Ti Docs, ìwé kan ló wà. Líǹkì ni ẹ ń fún ara yín, ẹ kì í fi ìwé ránṣẹ́. Ohun tí o tẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹni tó wà ní Ṣakí rí i bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èèyàn 100 lè wà lórí ìwé kan lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má dán an wò. Ju mẹ́fà lọ, ó di ọjà. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀ tó mú mi dúró. Àkọ́kọ́ ni kọ́mẹ́ǹtì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí o lè kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé láìfọwọ́ kan ohun tí ẹlòmíràn kọ. Èkejì ni Version history, àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe: ta ló kọ ọ́, ọjọ́ wo, aago mélòó, kí ló parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́mẹ́ǹtì, torí ibẹ̀ ni adùn wà.

Mo fún kíláàsì kan níṣẹ́. Wọ́n jẹ́ 63, mo pín wọn sí ẹgbẹ́ 13. Iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ kan tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan ládùúgbò wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ṣe é gan-an ń lò ni wọ́n á lò. Ẹgbẹ́ kan mú àdìrẹ. Òmíràn mú irun dídì. Ẹgbẹ́ kan mú gàrí, mo sì rò lọ́kàn ara mi pé gàrí ti rọrùn jù.

Wọn ò tíì parí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ìjà fi dé. Ẹnì kan kọ pé, "Wọ́n á kọ́kọ́ bó ẹ̀gẹ́." Ẹnì kejì fi kọ́mẹ́ǹtì sí i: "Kí ni ẹ̀gẹ́? Pákí ni." Ẹnì kẹta: "Gbágùúdá lorúkọ ẹ̀ nílé wa." Ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ọmọ Èkìtì wà níbẹ̀, ẹni méjì wá láti ìhà Ọ̀yọ́, ẹnì kan sì jẹ́ ọmọ Èkó tí kò mọ̀ ju gàrí inú báàgì lọ. Ọmọ Èkó yìí ló béèrè ìbéèrè tó dára jù lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa ń di pákí tí wọ́n ti rin sínú àpò, tí wọ́n á fi jáàkì fún un, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, "Kí ni wọ́n ń dúró dè?" Ẹgbẹ́ dákẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko. Lẹ́yìn náà, ọmọ Ìjẹ̀bú dáhùn pé kó lè kan ni, pé ohun tó mú kí gàrí Ìjẹ̀bú máa ta lẹ́nu nìyẹn. Ẹlòmíràn lọ wádìí, ó padà wá fi kún un pé oró kan wà nínú pákí, pé rírin, kíkan, fífún àti yíyá nínú iná ló ń lé e jáde. Ìbéèrè ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló bí ìpínrọ̀ tó ní ìmọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìjà kejì tún wáyé lórí "dín gàrí" àti "yan gàrí". Kọ́mẹ́ǹtì 41, mo kà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dá sí i. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ bi ẹni tó ń ṣe é." Wọ́n bi í. Obìnrin náà, tó ti dúró ti agbada fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní, "Ẹ̀pà là ń yan. Gàrí, à ń dín in ni." Ọmọ Ìjẹ̀bú ò gbà. Ó fi kọ́mẹ́ǹtì tirẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, pé ní tiwọn o, yan ni wọ́n ń wí. Mo ní kí wọ́n má pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ orí bébà ni, àríyànjiyàn yẹn ìbá ti kú sínú gbọ̀ngàn, ohùn ẹni tó lágbára jù nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ sì rántí pé àwọn kan wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé bí o bá pè é lójijì, á máa wo ilẹ̀. Ó máa ń kólòlò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń rẹ́rìn-ín. Lórí ìwé, òun ni ọ̀gá ohùn orí. Ẹnì kan kọ pé, "Ọkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà." Ó fi ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ọkọ rẹ̀ tàbí ọkọ̀ rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọkọ, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn parí ìjà." Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n bá a rẹ́rìn-ín ni, kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ bí àmì bá rú wọn lójú.

Ẹ̀yin tó ń tẹ Yorùbá lórí fóònù mọ ìyọnu tó wà ńbẹ̀. Bí ẹ ò bá pa ẹ̀rọ tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, ó máa sọ "lati" di "Latin", á sì fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo orúkọ bàbá yín. Ẹ gbé Yorùbá sínú Gboard, ẹ di lẹ́tà mú títí tí àmì á fi yọ. Ó máa ń lọ́ra lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Version history.

Lóru ọjọ́ kan, ohùn wọlé sí fóònù mi ní nǹkan bí aago méjì. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ fẹ́ wọlé, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ sì gbé fóònù kalẹ̀, àbúrò rẹ̀ gbé e. Gbogbo iṣẹ́ ti lọ, ojú ìwé funfun báláú. Lẹ́tà "k" mẹ́ta ló kù. Wọ́n ti ń ka ara wọn sí ẹni tó kùnà. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo tẹ File, mo tẹ Version history, mo mú ti aago mọ́kànlá alẹ́, mo ní kó dá a padà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo ẹni tó ní àṣẹ àtúnṣe nínú ẹgbẹ́ ló lè ṣe é, kò dìgbà tí wọ́n bá jí mi. Ẹ kọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìwúlò ẹ̀ nìyẹn tí kò níjà nínú. Ìjà wà nínú èkejì, ìyẹn lílo àkọsílẹ̀ yẹn láti mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò ṣe.

Ẹgbẹ́ gàrí yẹn náà ni. Nígbà tí iṣẹ́ wọlé, ẹnì kan nínú wọn wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó mú fóònù lọ́wọ́. Ó ní, "Mà, ẹ wo history. Lágbájá kò tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ orúkọ ẹ̀." Mo wò ó. Òótọ́ ni. Orúkọ ọmọbìnrin yẹn kò sí níbì kankan. Máàkì iṣẹ́ yẹn jẹ́ 30 nínú 100. Bí mo bá yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kó tún san owó rẹ̀.

Mo pe àwọn márààrún. Mo bi ọmọbìnrin yẹn pé iṣẹ́ wo ló ṣe. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú ìwé nóòtì kan jáde nínú báàgì. Ẹ̀yin èèyàn mi, òun ló lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dín gàrí, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ló jókòó ti obìnrin agbada yẹn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó mú kí iṣẹ́ náà yàtọ̀, orúkọ asẹ́, orúkọ igbá tí wọ́n fi ń rò ó, ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ gbogbo ẹ̀ sínú nóòtì, pẹ̀lú bírò. Fóònù ńlá rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, onítọ́ọ̀ṣì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Alẹ́ ni ó máa ń pe ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, á máa kà á fún un, onítọ̀hún á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń bá a tẹ̀ ẹ́ jẹ́rìí sí i lójú gbogbo wa. Ìdajì iṣẹ́ ló wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ yẹn, kò sì fìgbà kan sọ pé tòun ni.

Mo wá wo àkọsílẹ̀ ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Ọ̀rọ̀ méjì. Ó tún àmì orí ọ̀rọ̀ méjì ṣe, ọ̀kan nínú wọn sì ti dára tẹ́lẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Mo fún ọmọbìnrin yẹn ní máàkì tó tọ́ sí i. Ti ẹni ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ tiwa ni, a yanjú ẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ìka ni Google ń rí, kì í rí orí, kì í rí ẹsẹ̀ tó rìn lọ síbi agbada. Olùkọ́ tó bá kàn ṣí àkọsílẹ̀ tó sì pín máàkì gẹ́gẹ́ bí iye lẹ́tà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ̀, olówó dátà ló ń fún ní máàkì. Lọ́dọ̀ mi báyìí, ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kọ́mẹ́ǹtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹni tó lọ wádìí, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó tún un ṣe. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́, ojú ẹni mẹ́rin ló máa ti parọ́. Ohun tí àáró mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, kọ̀ǹpútà ò sì sí lóko nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fún èèyàn, ChatGPT àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé mi ò lè fò ó. Bẹ́ẹ̀ ni, àkọsílẹ̀ máa ń tú u fó. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ 900 balẹ̀ sójú ìwé ní ìṣẹ́jú kan, ní aago méjìlá òru ku díẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń dán bí bàtà ọjọ́ Àìkú, tí kò sí ẹ̀pà tàbí agbada kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fura o, ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gbọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọ iṣẹ́ wọn sínú Notes nígbà tí dátà ti tán, tí wọ́n á wá dà á sínú Docs ní ìdàkúdà nígbà tí wọ́n bá rí Wi-Fi. Tiwọn náà á balẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Èmi kì í fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Màá pè é, màá ní, "Ṣàlàyé ìpínrọ̀ kẹta fún mi." Ẹni tó kọ ọ́ á ṣàlàyé títí á fi sú ọ. Ẹni tí kò kọ ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́. Ọ̀lẹ nìkan kọ́ ló ń ba iṣẹ́ ẹgbẹ́ jẹ́. Ẹni tó mọ̀wé jù náà ń bà á jẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n: bí o bá kọ gbólóhùn kan tán, á pa á rẹ́, á kọ tirẹ̀, kò ní bi ọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ìwọ náà á jókòó, wọ́n á wá máa pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Mo ti rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kan, orúkọ ọmọ kan wà níbẹ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó kọ lẹnì kan pa rẹ́, kò sì padà wá mọ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ di òfin pé lórí ìpínrọ̀ tí kì í ṣe tìẹ, Suggesting ni o máa lò. Àtúnṣe rẹ á fara hàn ní àwọ̀ mìíràn, ẹni tó ni ìpínrọ̀ ló máa gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Àwọn tó mọ̀wé kì í fẹ́ràn òfin yìí rárá.

Dátà àti iná ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ dátà púpọ̀. Fọ́tò àti fídíò ló ń jẹ ẹ́. Nínú áàpù Docs lórí fóònù, ẹ lè tẹ Make available offline sí ìwé náà, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá dé, á lọ bá ti àwọn yòókù. Èmi máa ń ya ogójì ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ nínú kíláàsì fún iṣẹ́ náà, ẹni méjì sí fóònù kan, màá tan hotspot mi. Owó wo ni mò ń ná? Ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti àwọn tó ń ta dátà. Ẹni tí kò ní fóònù rárá, bírò àti nóòtì ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Kí n má gbàgbé líǹkì. Bí ẹ bá ṣí ìwé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ní líǹkì, tí èèyàn sì wọlé láìfi àkáǹtì rẹ̀ wọlé, Google máa fún un ní orúkọ ẹranko. Ọmọ kan sáré wá bá mi rí, ó ní, "Mà, Anonymous Capybara kan wà nínú iṣẹ́ wa, kò sì jáde." Ẹgbẹ́ kejì ló ń yọjú wo iṣẹ́ wọn. Ohun tí ẹranko yẹn bá kọ, àkọsílẹ̀ kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi ímeèlì pe àwọn tó yẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àkáǹtì wọn wọlé. Ẹ má sì to nọ́ńbà fóònù àti matric number gbogbo ẹgbẹ́ sójú ìwé tí líǹkì rẹ̀ ti dé gúrúùpù méje. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ máàkì ọmọ sínú kọ́mẹ́ǹtì tí gbogbo ayé ń kà.

Ẹgbẹ́ gàrí ti ń bi mí bóyá wọ́n lè gbé iṣẹ́ wọn lọ sórí Wikipedia Yorùbá. Ojú-ewé tó lé ní 30,000 ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá ìwé tí wọ́n lè tọ́ka sí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin agbada, bó ti wù kó dùn tó, àwọn ará ibẹ̀ á ní kí wọ́n fi orísun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde hàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tó kọ "yan gàrí". Ó ní òun máa rí i.

Bí olùkọ́ tìrẹ ṣì ń gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ lórí bébà, fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kí o sọ bí ẹgbẹ́ rẹ ṣe ń ṣe é, yálà ìwọ ni ò ń kọ ọ́ tàbí ìwọ ni ò ń gbàdúrà. A máa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ń lọ, iṣẹ́ ẹgbẹ́ 13 ń dúró dè mí lórí kọ̀ǹpútà. Ó dìgbà o.